Oró àkeekèé, iṣan ìmọ̀lára àti oògùn apàrora tuntun

Ẹni tí àkeekèé bá ta nínú oko kòkó lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀, tàbí nídìí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ síbi ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, yóò wo ojú ibi tó ta á, kò sì ní rí ohun púpọ̀ níbẹ̀. Ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, ara ibẹ̀ sì lè má wú. Síbẹ̀ ìrora rẹ̀ lè gba gbogbo apá tàbí gbogbo itan, kí ó máa ta ènìyàn, kí ó máa jó o, fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó mú kí ọgbẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ bí ìrora ńlá bẹ́ẹ̀ ni àlàyé yìí dá lé. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn tí àkeekèé kò ta rí, nítorí pé ibi kan náà nínú iṣan tí oró yìí ń dà rú ni oògùn apàrora tuntun kan ń lọ bá láti mú ìrora rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí oògùn náà, tí wọ́n ń pè ní suzetrigine. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn méjèèjì pọ̀ lè rò pé inú oró àkeekèé ni wọ́n ti fa oògùn náà yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí àkeekèé ṣe ni pé ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà tí ìrora ń gbà kọjá, ọ̀nà tí ojú lásán kò lè rí.

Ojú ibi tí wọ́n ti ta ènìyàn kọ́ ni a ti ń mọ ìrora. Inú ọpọlọ ni a ti ń mọ̀ ọ́n, ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ fún un pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn fọ́nrán iṣan ìmọ̀lára tó tín-ín-rín, tí orí wọn wà lábẹ́ awọ, ló ń gbé ìròyìn yìí lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó tó gòkè lọ sí ọpọlọ. Iná mànàmáná ni ìròyìn náà, sódíọ̀mù ló sì ń dá iná ọ̀hún, sódíọ̀mù kan náà tó wà nínú iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀. Omi tó yí fọ́nrán iṣan ká ní sódíọ̀mù tó tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó wà nínú rẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí iṣan bá sì ń sinmi, ìwọ̀n iná inú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 70 mílífóòtì sí ìsàlẹ̀ òdo, èyí tó ń fa sódíọ̀mù mọ́ra láti ìta. Gbogbo ìgbà ni sódíọ̀mù ń fẹ́ wọlé. Awọ tó bo fọ́nrán ni kò jẹ́ kí ó rí àyè.

Ibi tó ti lè rí àyè ni àwọn ẹnu-ọ̀nà kéékèèké tí ara fi purotéènì ṣe sára awọ náà. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ẹnu-ọ̀nà àgbàlá kan tó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú. Ti ìta wà ní títì nígbà ìsinmi, ti inú sì wà ní ṣíṣí. Bí nǹkan bá gún awọ, tàbí tí iná bá ta awọ, ìwọ̀n iná inú iṣan yóò yí padà díẹ̀, ilẹ̀kùn ìta tó ń ṣọ́ ìyípadà yìí yóò ṣí, sódíọ̀mù yóò sì ya wọlé. Kò ní tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ilẹ̀kùn inú tó tì fúnra rẹ̀. Ìwọlé ránpẹ́ yìí ti tó láti ṣí ẹnu-ọ̀nà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn á ṣí èyí tó tún wà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn yóò ṣe máa lọ títí yóò fi dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, iṣan yóò dákẹ́, yóò sì dúró de ìròyìn mìíràn. Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ló kọ́kọ́ wọn ìwọlé sódíọ̀mù yìí lára fọ́nrán iṣan ńlá tó wà lára ẹran omi òkun tí wọ́n ń pè ní squid. Ọdún 1952 ni wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1963. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò rí ẹnu-ọ̀nà kankan. Ìṣirò ni wọ́n fi mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, tó ń ṣí kíákíá, tó sì ń tì fúnra rẹ̀.

Ibi tí àkeekèé ti ń bá ara jà gan-an nìyí. Oró rẹ̀ jẹ́ àdàlù ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń dá ìrora jù lọ lára àwọn àkeekèé tó léwu jẹ́ purotéènì kékeré, tí amino acid inú rẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tí a fi ń to purotéènì, kò ju nǹkan bí 60 sí 70 lọ, tí ìdè sọ́fọ̀ mẹ́rin sì so wọ́n mọ́ra pinpin débi pé wọn kì í tètè bàjẹ́. Oríṣi méjì ni wọ́n. Oríṣi kìíní, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alpha, máa ń so mọ́ apá ẹnu-ọ̀nà tó yẹ kí ó pàṣẹ pé kí ilẹ̀kùn inú tì, kì í sì í jẹ́ kí apá náà yí padà bó ṣe yẹ. Ilẹ̀kùn ìta ti ṣí, ti inú sì kọ̀ láti tì. Sódíọ̀mù ń wọlé ṣáá. Oríṣi kejì, beta, máa ń di apá tó ń ṣọ́ ìwọ̀n iná mú sí ipò ṣíṣí, débi pé ilẹ̀kùn ìta yóò ṣí nígbà tí ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn àkeekèé Áfíríkà àti Éṣíà ni a mọ̀ mọ́ alpha jù lọ, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a sì mọ̀ mọ́ beta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi méjèèjì lè wà nínú oró kan ṣoṣo.

Nítorí náà, iṣan tó yẹ kí ó rán ìròyìn kan kí ó sì dákẹ́ yóò máa rán an lọ léraléra. Ọpọlọ kò ní ọ̀nà láti mọ̀ pé èké ni ìròyìn náà. Ohun tí ó gbọ́ ni pé wọ́n ń gún ẹsẹ̀, wọ́n sì tún ń gún un, wọn kò sì ṣíwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà wà ní pípé tí ẹran ara rẹ̀ kò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wíwo ojú ọgbẹ́ kò fi lè sọ bí ìrora ṣe tó fún wa, tí kò sì fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọmọ tó ń ké lẹ́yìn tí àkeekèé ta á nítorí pé a kò rí nǹkan lára rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àkeekèé ló sì ń gba ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Kalifóníà, tí David Julius wà lára wọn, ṣàpèjúwe èròjà kan láti ara àkeekèé Australia kan, èyí tó ń gba ọ̀nà mìíràn tó jẹ́ ti TRPA1, purotéènì tó ń jẹ́ kí àlùbọ́sà àti mọ́sítáàdì ta wá lójú tàbí nímú.

Ohun tó léwu jù ni pé oró náà kì í fi mọ sára iṣan ìrora. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó, yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan tó ń darí ohun tí a kì í pàṣẹ fún: bí ọkàn ṣe ń lù, òógùn, itọ́, èémí. Àwọn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìròyìn láìdáwọ́ dúró, èròjà tó ń mú ara gbóná yóò ya sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, ọkàn á máa sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, omi sì lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Ara ọmọdé kéré, ìwọ̀n oró tó sì lè wọ ara àgbàlagbà kan náà ni yóò wọ ara tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ kéékèèké ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tọwọ́ rẹ̀ kú. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí àkeekèé ń ta lọ́dọọdún káàkiri ayé, tí ó sì ju 3,000 lọ tí ń kú. Ní ìlú Mahad ní Íńdíà, láti àwọn ọdún 1980, ni dókítà Himmatrao Bawaskar ti fi hàn pé prazosin, oògùn tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, lè gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ àwọn tí oró ti wọ̀ lára bẹ́ẹ̀ là. Oògùn náà kì í pa oró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dènà ohun tí ìròyìn èké náà ń fi ara ṣe, mo sì ka èyí sí ọ̀kan lára àpẹẹrẹ tó dára jù lọ nípa bí òye ọ̀nà tí àìsàn ń gbà ṣe lè gba ẹ̀mí là níbi tí owó kò ti pọ̀.

Ní agbègbè wa, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni òjògán dúdú ńlá, tó ń gbé ìdí ògán àti abẹ́ igi tó ti ń jẹrà nínú igbó, tó ń jẹ ikán àti kòkòrò mìíràn. Títóbi rẹ̀ ń dẹ́rù bani, ó sì ń ta ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó nípọn ni ó fi ń pa ẹran jẹ jù lọ, oró rẹ̀ kì í sì í sábà ṣe àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ní jàǹbá ńlá. Àkeekèé tó kéré, tí ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, tí ìrù rẹ̀ sì nípọn, ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí inú ìdílé tí wọ́n ń pè ní Buthidae, tó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń pa ènìyàn wà. Gbogbo wọn ni ara wọn máa ń tàn ní àwọ̀ ewé nínú òkùnkùn bí a bá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí wọn, irú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò. Ẹni tó ní àwọn ọmọ kéékèèké nílé, tí ilé rẹ̀ sì súnmọ́ igbó, lè fi irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ yẹ ìdí ògiri àti ìdí búlọ́ọ̀kù wò lálẹ́.

Bí ó bá sì ti ta ènìyàn, ohun tí a ti sọ nípa iṣan ló yẹ kó tọ́ wa sọ́nà. Kò sí ìdí láti fi abẹ gé ojú ibẹ̀, nítorí oró náà kò jókòó sójú kan tí a lè gé jáde. Dídì í pinpin kò wúlò, ó sì lè ba ẹsẹ̀ jẹ́. Kẹrosíìnì àti iná kò lè ti ilẹ̀kùn kankan lára iṣan. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ di omi dídì lé e, kí wọ́n sì fún ẹni náà ní paracetamol ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà lè fún ojú ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lidocaine, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún kí ara lè kú kí wọ́n tó yọ eyín, ìtura rẹ̀ sì máa ń tètè dé, nítorí lidocaine gan-an ń dí ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù pa. Bí ọmọ bá ń da itọ́, tí ó ń làágùn ṣáá, tí ó ń bì, tí ojú rẹ̀ ń yí, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, kí wọ́n má ṣe dúró de ohunkóhun kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, yálà OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni tàbí Wesley Guild ní Iléṣà.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí ojú ibi tí àkeekèé ta, n kò sì fẹ́ fi ọ̀wọ̀ wọn wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pé oró náà ń tú kúrò lára iṣan díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ara sì ń lé e jáde, débi pé ìrora ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àkeekèé ta yóò rọlẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan, ohun yòówù kí wọ́n ṣe sí i. Ẹni tó bá tọ́jú wọn ní wákàtí yẹn ni wọn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí oró ti dé ọkàn rẹ̀ ni dídúró de ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa.

Oró yìí tún ṣe iṣẹ́ mìíràn fún àwọn onímọ̀. Nítorí pé èròjà rẹ̀ máa ń lọ so mọ́ ẹnu-ọ̀nà sódíọ̀mù tí kò sì ní jù ú sílẹ̀, William Catterall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington fi àmì sí èròjà oró àkeekèé, wọ́n sì lò ó láti mọ purotéènì tí ó lọ so mọ́. Ní ọdún 1980 ni wọ́n fi hàn ohun tí Hodgkin àti Huxley fi ìṣirò mọ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan tí Shosaku Numa jẹ́ olórí wọn ka jíìnì rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tí a fi ń ṣe purotéènì náà, láti ara ẹja kan ní odò Gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí iná ara rẹ̀ ń gbọn ènìyàn bí òjìjí tiwa ṣe ń ṣe. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ̀ pé oríṣi mẹ́sàn-án ni ẹnu-ọ̀nà yìí nínú ara ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní Nav1.1 títí dé Nav1.9. Ti ọpọlọ yàtọ̀ sí ti ọkàn, ti ọkàn yàtọ̀ sí ti ẹran ara, mẹ́ta nínú wọn, Nav1.7, Nav1.8 àti Nav1.9, sì pọ̀ jù lọ lára iṣan tó ń gbé ìrora.

Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ìrètí dá lé. Lidocaine kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn; bí a bá fi í sínú gbogbo ara ní ìwọ̀n tó lè pa ìrora ńlá, ó lè dá ọkàn dúró. Ohun tí a nílò ni oògùn tí yóò dí ti ìrora nìkan. Ní ọdún 2006, àwọn onímọ̀ kọ̀wé nípa àwọn ìdílé kan ní àríwá Pakistan tí wọn kò mọ ìrora rárá. Ọmọkùnrin kan láàárín wọn máa ń rìn lórí ẹ̀yinná, ó sì máa ń fi ọ̀bẹ gún apá ara rẹ̀ fún àwọn tó ń wòran ní ìgboro. Ó kú kí ó tó pé ọmọ ọdún 14, lẹ́yìn tó fò láti orí òrùlé. Jíìnì tí ń ṣe Nav1.7 ló bàjẹ́ lára wọn. Ọdún méjì ṣáájú, wọ́n ti rí òdìkejì rẹ̀ ní Ṣáínà, níbi tí jíìnì kan náà ti ṣiṣẹ́ jù, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ènìyàn sì ń jó wọn láìsí iná. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló sáré wá oògùn Nav1.7 lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ọ̀pọ̀ owó ló sì bá a lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dé ilé ìtajà oògùn.

Eku kan ní aginjù Arizona ti ní ìdáhùn tirẹ̀. Onychomys torridus ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ó sì ń pa àkeekèé tó léwu jù ní Amẹ́ríkà jẹ bí oúnjẹ òòjọ́. Ashlee Rowe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 2013 pé Nav1.8 eku yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn eku yòókù, débi pé bí oró bá dé, yóò so mọ́ Nav1.8 náà, yóò sì dí i pa. Ìròyìn ìrora bẹ̀rẹ̀ lára Nav1.7, ṣùgbọ́n Nav1.8 tó yẹ kí ó gbé e lọ kò ṣí. Oró tó ń mú àwa ké ni ó ń mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀, kódà ìrora tí ohun mìíràn fà.

Nav1.8 náà ni suzetrigine ń dí. Oògùn oníhóró tí ilé-iṣẹ́ Vertex ní Boston ṣe nínú yàrá ìwádìí ni, wọn kò fa á yọ láti ara ẹ̀dá kankan. Nítorí pé Nav1.8 kò sí nínú ọpọlọ bí ó ṣe wà lára iṣan ìta, oògùn náà kì í fún ènìyàn ní ìgbádùn orí tí ń sọ tramadol àti codeine di bárakú. Àwa tí a rí bí ọ̀rọ̀ oògùn ikọ́ tó ní codeine ṣe rí, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin dè é ní 2018, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Síbẹ̀ kò yẹ kí a pọ́n ọn kọjá ibi tó mọ. Ìdánwò ńlá méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ egungun àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fún, èkejì lára àwọn tí wọ́n gé awọ ikùn wọn. Ó mú ìrora dínkù ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ, ṣùgbọ́n kò borí àpapọ̀ paracetamol àti hydrocodone, oògùn apàrora irú codeine. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní 2024 lára àwọn tí iṣan ìdí ń ro, ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti hóró lásán kò tó nǹkan. Nígbà tó jáde ní 2025, hóró kan rẹ̀ jẹ́ dọ́là 15.50 ní Amẹ́ríkà, èyí tó ju 20,000 náírà lọ nígbà náà, ènìyàn yóò sì máa lo ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àwọn tí mo rò lọ́kàn jù ni àwọn ọmọ wa tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ìrora egungun ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn léraléra, nítorí orílẹ̀-èdè wa ni àrùn náà pọ̀ sí jù lágbàáyé. Iṣẹ́ abẹ ni ìdánwò ńlá méjèèjì dá lé, kì í ṣe irú ìrora tiwọn, iye owó náà sì ga ju ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè yìí lè san lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa àwọn fídíò tó ń kiri pé oró àkeekèé ni omi tó wọ́n jù láyé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ wọ igbó lọ ṣọdẹ òjògán. Oró tí àkeekèé kan lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan kéré gan-an, àwọn ilé ìwádìí tó nílò rẹ̀ kì í sì í rà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o sínú ike. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣe èròjà rẹ̀ fúnra wọn láti inú jíìnì tí wọ́n ti kà. Òjògán dúdú ńlá náà sì wà nínú àkójọ kejì CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko inú igbó, tó béèrè ìwé àṣẹ kí ẹnikẹ́ni tó lè kó o kọjá ẹnubodè orílẹ̀-èdè.